Ẹ̀gbọ́n yín ń wo 68, èmi ń wo 61

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni ọdún 68 ni bàbá mi. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, wọ́n rí jẹjẹrẹ nídìí ahọ́n wọn, ìtànṣán ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀, ó sì lọ. Ní báyìí òmíràn ti yọ ní ìsàlẹ̀ ẹnu, ó sì ti wọ egungun àgbọ̀n. Oníṣẹ́ abẹ ní òun máa gé e kúrò, òun á sì yọ egungun láti ẹsẹ̀ wọn fi ṣe àgbọ̀n tuntun, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Ó ní ewu tiwọn pọ̀ díẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ, kò ṣàlàyé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ọjọ́ orí ni, pé ká fi bàbá sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Bàbá ní àtọ̀gbẹ, oògùn oníhóró ni wọ́n ń lò sí i. Wọ́n ṣì ń fa sìgá bíi mẹ́fà lójúmọ́. Kílò 70 ni wọ́n wọ̀n ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, 61 ni báyìí. Kí gan-an ni ewu náà? Ǹjẹ́ ohun kan wà tí a lè ṣe kí ọjọ́ náà tó pé?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Mo ka lẹ́tà yín dé ibi tí ẹ ti sọ̀rọ̀ kílò, mo dúró, mo tún un kà. Ẹ̀gbọ́n yín ń wo 68. Èmi ń wo 61.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí, torí òun ló fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé. Ẹran tí a gbé láti ibì kan lára lọ sí ibòmíràn kì í béèrè ọdún tí olówó rẹ̀ ti lò láyé. Ní ilé ìwòsàn tí ọwọ́ wọn ti mọ iṣẹ́ yìí, bí wọ́n bá gbé 100, bíi 95 tàbí jù bẹ́ẹ̀ ló ń yè, ti àgbàlagbà ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀dọ́. Ibòmíràn ni ọjọ́ orí ti ń fi ara hàn: ọkàn tó ń lù ségesège, òtútù àyà, kí àgbàlagbà jí lójú oorun kó má mọ ibi tó wà fún ọjọ́ méjì mẹ́ta. Kódà nínú ìyẹn, bí ara ṣe le tó ló ń sọ ọ́ ju iye ọdún lọ. Ẹni 80 tó ń gun àtẹ̀gùn láì dúró mí, ọkàn mi balẹ̀ lórí rẹ̀ ju ẹni 55 tí kò lè dìde lórí àga láì fọwọ́ ti ara rẹ̀. Bí bàbá bá ń rìn fúnra wọn, tí wọ́n ń wẹ̀, tí wọ́n ń wọṣọ fúnra wọn, ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ti tán lọ́dọ̀ tèmi.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́, ó yẹ kí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, egungun méjì ló wà níbẹ̀. Èyí tó nípọn ló ń gbé wa dúró. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òde kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ẹrù, a lè yọ púpọ̀ nínú rẹ̀, ká ṣẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 6 kù lókè àti nísàlẹ̀ kí orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ má bàa yẹ̀. Ní 1989 ni David Hidalgo, oníṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà, kọ nípa bí òun ṣe ń gé egungun yìí ní ègé-ègé kó lè tẹ̀ bí àgbọ̀n, láti ìgbà náà ló sì ti di ààyò wa. A máa ń yọ ọ́ tòun ti iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ, nígbà púpọ̀ pẹ̀lú awọ tí a ó fi tẹ́ inú ẹnu. A ó wá iṣan ẹ̀jẹ̀ tó bá a mu nínú ọrùn, a ó rán wọn pọ̀. Iṣan wọ̀nyí kì í sábà ju mìlímítà 1 sí 3 lọ. Abẹ́ máíkírósíkóòpù la ti ń rán wọn, okùn rẹ̀ sì tín-ín-rín ju irun orí lọ. Gbogbo rẹ̀ lè gba wákàtí 8 sí 12.

Ibi méjì ni iṣẹ́ náà ti lè bàjẹ́: ojú ìrán iṣan yẹn, àti ibi tí itọ́ ti ń kan ojú ọgbẹ́. Ẹnu kò ṣe é fọ̀ mọ́ bí a ṣe ń fọ ikùn tàbí itan. Itọ́ ò dákẹ́, kòkòrò sì pọ̀ nínú rẹ̀.

Ti iṣan, ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló le jù. Mo rántí òru kan, aago méjì ti kọjá díẹ̀, nọ́ọ̀sì pè mí pé àwọ̀ ẹran tuntun ẹnu aláìsàn wa kan ti ń lọ sí ti aró. Ó ní òun fi abẹ́rẹ́ gún un, ẹ̀jẹ̀ dúdú sì ṣàn jáde lójú ẹsẹ̀. Ẹran tí ẹ̀jẹ̀ ò dé máa ń funfun, ó máa ń tutù, abẹ́rẹ́ ò ní rí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ wọlé tí kò rọ́nà jáde ló máa ń rí bí nọ́ọ̀sì ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀, òun náà ló sì wọ́pọ̀ jù. A gbé aláìsàn padà sí tíátà, a ṣí ọrùn. Iṣan tó yẹ kó gbé ẹ̀jẹ̀ jáde ti lọ́, ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú rẹ̀. A kó ẹ̀jẹ̀ dídì náà jáde, a tún iṣan rán, kí ilẹ̀ tó mọ́ àwọ̀ rẹ̀ ti padà. Ká ní nọ́ọ̀sì yẹn sùn títí di aago mẹ́fà ni, ńṣe là bá yọ ẹran náà dànù.

Ìdí nìyí tí mo fi ka ẹni tó ń ṣọ́nà lóru mọ́ ohun tó ń pinnu ewu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí lára bàbá yín. Ẹ bi wọ́n nílé ìwòsàn pé ta ló máa ń wo ẹran náà lóru, ẹ̀ẹ̀melòó, ta ni wọ́n sì máa pè. Ìdáhùn tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni pé wákàtí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wò ó ní ọjọ́ àkọ́kọ́, pé ẹni tó ń wò ó mọ ohun tó ń wá, pé tíátà sì lè ṣí lóru. Bí wọ́n bá dáhùn pé dókítà máa ń yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀, ẹ béèrè ilé ìwòsàn mìíràn.

Ti itọ́ kì í yára bẹ́ẹ̀. Ó lè di ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí awọ ọrùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, kó gbóná, kí itọ́ sì wá rí ibẹ̀ gbà jò síta. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń dí fúnra rẹ̀ tí a bá wẹ ojú ọgbẹ́ náà, tí a ò jẹ́ kí oúnjẹ gba ẹnu kọjá fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí itọ́ bá ń wẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ọrùn lójoojúmọ́, lára ẹni tí ìtànṣán ti kàn rí, iṣan náà lè jẹrà kó bẹ́. Ó sábà máa ń kọ́kọ́ ta ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ kó tó bẹ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn fún ìgbà tí bàbá bá ti délé: ẹ̀jẹ̀ tútù láti ọrùn tàbí ẹnu, ì báà jẹ́ ìwọ̀n ṣíbí kan, ì báà ti dá dúró fúnra rẹ̀, ilé ìwòsàn lẹ ń lọ ní wákàtí yẹn.

Mo dé orí ìtànṣán nìyẹn. Òun ni ẹrù tó wúwo jù nínú lẹ́tà yín, òun náà ni a ò lè sọ̀ kalẹ̀. Ìtànṣán pa jẹjẹrẹ, ó sì tún ń dín àwọn iṣan wẹ́wẹ́ inú awọ àti egungun kù, fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ìtọ́jú ti parí. Bí ẹ bá fọwọ́ tẹ ọrùn bàbá, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé ó ti gan, ó le bí awọ ìlù. Ọgbẹ́ tí a bá dá sí irú ibẹ̀ ń pẹ́ kó tó jiná, kòkòrò ń tètè rí i wọ̀, iṣan tí a fẹ́ so mọ́ sì lè ti di ẹlẹgẹ́. Nínú àwọn tí a yọ gògóńgò wọn lẹ́yìn tí ìtànṣán kò wo jẹjẹrẹ wọn sàn, bíi ẹnì kan nínú mẹ́rin tàbí nínú mẹ́ta ni itọ́ ń jò lọ́rùn wọn. Bàbá yín ò sí lára àwọn yẹn, ti àgbọ̀n ni tiwọn, àmọ́ ìlànà kan náà ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n yín ò tíì rò ni pé egungun tó ń bọ̀ láti ẹsẹ̀ kò mọ ìtànṣán rí. Ó ń gbé iṣan àti ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ bọ̀ wá sí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ. Iṣẹ́ ńlá tó ń bà yín lẹ́rù yìí gan-an ló ń dín ewu tí ìtànṣán ti dá sílẹ̀ kù. Bí a bá kàn gé jẹjẹrẹ náà, tí a fi irin nìkan dí ojú àgbọ̀n lábẹ́ awọ tó ti gan bẹ́ẹ̀, irin náà ò ní pẹ́ yọjú síta.

Ó ku èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Kílò 9 nínú 70 lé díẹ̀ ní ìdá 12 nínú 100. Bí ẹnikẹ́ni bá ti pàdánù ìdá 10 láàárín oṣù mẹ́fà, ara rẹ̀ ti ń jẹ ara rẹ̀. Ohun tí ara fi ń di ọgbẹ́, tó fi ń bá kòkòrò jà, tó fi ń wúkọ́ kó lè pọn kẹ̀lẹ̀bẹ̀ síta, inú ẹran ara ló ti ń mú un, bàbá yín sì ti ná púpọ̀ nínú ẹ̀. Ẹ ó gbọ́ tí wọ́n á máa sọ̀rọ̀ alibúmìn, purotéènì kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Bó bá wà nísàlẹ̀ gíráàmù 35 nínú lítà kan, àmì burúkú ni, ṣùgbọ́n àìsàn fúnra rẹ̀ náà ń já a wálẹ̀, ìyẹn ni mo fi gba òṣùwọ̀n gbọ́ jù ú lọ.

Ìwọ̀n tí a ń lé ni kálórì 25 sí 30 fún kílò kan lójúmọ́, àti purotéènì gíráàmù 1.2 sí 1.5 fún kílò kan. Fún ẹni kílò 61, ìyẹn jẹ́ kálórì bíi 1,500 sí 1,800, àti purotéènì bíi gíráàmù 73 sí 92. Ẹ má fojú kéré ìyẹn fún ẹni tí ẹnu ń ro. Ẹyin kan péré, purotéènì inú rẹ̀ ò ju bíi gíráàmù 6 lọ. Bí wọ́n ò bá lè jẹ ẹ́ tán, kì í ṣe ọ̀ràn pé kí wọ́n gbìyànjú sí i. Ẹ ní kí wọ́n fi rọ́bà ìjẹun gba imú wọn lọ sí ikùn láti ìsinsìnyí. Ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń kọ̀ ọ́ torí ó ń jẹ́ kí ènìyàn rí bí aláìsàn. Aláìsàn náà ni wọ́n, wọ́n á sì lò ó lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ bó ti wù kó rí. Kìkì pé bó bá ti tó ọjọ́ márùn-ún tí wọn ò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ nǹkan kan, ẹ má ṣe rọ́ oúnjẹ lù wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ó jẹ́, kí wọ́n sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, torí oúnjẹ tó dé lójijì lè já àwọn iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ débi tí ọkàn á fi kọṣẹ́.

Ṣé ká sún ọjọ́ iṣẹ́ abẹ síwájú torí oúnjẹ? Fún ẹni tó ti rù bẹ́ẹ̀, ọjọ́ 7 sí 14 tí wọ́n bá fi bọ́ ọ dáadáa tọ́ sí i, jẹjẹrẹ tàbí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Oṣù méjì ò tọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fún yín yìí ti tó, bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Sìgá ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, èéfín rẹ̀ sì ń gba ààyè afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Ojú ọgbẹ́ àti ẹ̀dọ̀fóró ló ń bá jà jù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni a máa ń fẹ́ kí ẹni náà ti fi sílẹ̀ ṣáájú. Ẹ ò ní mẹ́rin mọ́, mẹ́ta náà wúlò, kódà ọ̀sẹ̀ kan wúlò. Ẹ má gba ti àwọn tó ń sọ pé ẹni tó fi í sílẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ abẹ ti kù fẹ́ẹ́fẹ́ á tún burú sí i. Ẹ má sì fi ìbínú gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí wọ́n sọ pé wọ́n máa gé àgbọ̀n rẹ̀, sìgá mẹ́fà yẹn lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo tó ń bá a sọ̀rọ̀ lálẹ́. Ẹ bi dókítà nípa oògùn tó lè ràn wọ́n lọ́wọ́.

Sìgá àti àtọ̀gbẹ pa pọ̀ tún mú mi béèrè ohun kan tí ẹ ò kọ: ṣé wọ́n ti ya fọ́tò iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ méjèèjì? Iṣan mẹ́ta ló sábà ń bọ́ ẹsẹ̀ láti orúnkún sísàlẹ̀, ọ̀kan nínú wọn là ń yọ pẹ̀lú egungun náà. Lára àwọn kan, láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn, èyí tí a fẹ́ yọ yẹn gan-an ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ dé àtẹ́lẹsẹ̀. Lára ẹni tó ti ń fa sìgá tipẹ́, tó tún ní àtọ̀gbẹ, àwọn méjì tó kù lè ti dí. Bí a bá yọ ọ́ láì wò, àtẹ́lẹsẹ̀ lè kú. Bí ẹsẹ̀ ò bá dára, a lè mú egungun láti ẹ̀gbẹ́ èjìká, tàbí ká lo ẹran àyà láìsí egungun. Irú àyẹ̀wò yẹn ni mo máa fẹ́ rí kí n tó fọwọ́ kan abẹ.

Ti ṣúgà, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò tó ń sọ bó ṣe rí láti oṣù méjì mẹ́ta sẹ́yìn, kì í ṣe ti àárọ̀ yẹn nìkan. Ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ àti lẹ́yìn rẹ̀, a máa ń fẹ́ kó wà láàárín 108 sí 180 (mg/dL). Ẹ má sì bẹ̀rù bí wọ́n bá yí oògùn oníhóró sí abẹ́rẹ́ ínsúlínì fún ìgbà díẹ̀. Oúnjẹ inú rọ́bà máa ń gbé ṣúgà sókè, oògùn tí a ń lò kí ọrùn má bàa wú náà ń gbé e sókè.

Ẹ ò sọ̀rọ̀ ọtí. Bóyá wọn kì í mu. Ṣùgbọ́n aláìsàn mi kan, nígbà tí mo bi í, ó ní “díẹ̀díẹ̀ ni,” ìyàwó rẹ̀ wo ilẹ̀, èmi náà ò sì bi í léèrè mọ́. Ní òru kẹta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ń bá ẹni tí a ò rí sọ̀rọ̀, ó sì fa rọ́bà mímí yọ lọ́rùn ara rẹ̀. Ara tí ọtí ti mọ́ tí a sì gbà á lẹ́nu rẹ̀ lójijì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹrin. Bí a bá mọ̀ ṣáájú, oògùn wà tí kò ní jẹ́ kó dé bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bi mi ni pé mi ò béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Bí ìgò kan bá wà níbì kan, ẹ pe dókítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹ sọ fún un.

Ọ̀rọ̀ pẹnisílìn ńkọ́, oògùn tí a fi ń dènà kòkòrò nígbà iṣẹ́ abẹ? Ẹ yẹ fáìlì bàbá wò bóyá wọ́n kọ ọ́ sí i pé ara wọn kọ̀ ọ́. Oògùn tí a fi ń rọ́pò rẹ̀, clindamycin, bí ó bá dá nìkan ṣe é, kì í ká kòkòrò inú ẹnu tó, ojú ọgbẹ́ sì ń tètè kẹ̀. Nínú ẹni 10 tí wọ́n kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí fáìlì wọn, bíi 9 ló lè lo pẹnisílìn láìsí wàhálà bí wọ́n bá yẹ̀ wọ́n wò: bóyá ara wọn sú lẹ́ẹ̀kan ní kékeré, ìyá wọn sì sọ pé oògùn ni. Àyẹ̀wò náà kò gba àkókò. Ẹ jẹ́ kí dókítà eyín náà wo ẹnu wọn, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má yọ eyín kankan níbi tí ìtànṣán ti kọjá láì jẹ́ pé oníṣẹ́ abẹ yín mọ̀ sí i.

Mo fi èyí tí àwọn ènìyàn ń gbàgbé jù sẹ́yìn. Ìtànṣán tó kọjá lọ́rùn máa ń ba ẹṣẹ́ táírọ́ọ̀dì, ẹṣẹ́ kékeré iwájú ọrùn tó ń darí bí ara ṣe ń lo agbára, jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó lè gba ọdún kí ó tó hàn. Ẹni náà á kàn máa rẹ̀, òtútù á máa mú un, àwọn ará ilé á ní ọjọ́ ogbó ni. Bí ẹṣẹ́ yìí bá ti lọ sílẹ̀, ọgbẹ́ kì í fẹ́ dì, itọ́ sì ń tètè jò. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásán ló ń fi hàn, hóró oògùn kan lójúmọ́ ló sì ń tún un ṣe. Ṣùgbọ́n oògùn náà ń gba bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó fìdí múlẹ̀ dáadáa nínú ara, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ sì ní. Ẹ má dúró de ìgbà tí ẹ tún máa rí oníṣẹ́ abẹ. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yẹn lọ́la.